Àsọyé Nípa Òkun, Ọ̀dà Olóró Lábẹ́ Ọkọ̀

Bí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi afẹ́ bá fẹ́ gba àlejò olùbánisọ̀rọ̀ lálẹ́ létí ọ̀sà Èkó, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bí ètò yóò ṣe lọ. Olùdarí ètò á kí àwọn ọlọ́lá tó wà níjòókòó, á tún padà sẹ́yìn kí àwọn ọlọ́lá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, nítorí kò sí ẹni tó dé fìlà kápítéènì wá síbẹ̀ kó má gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú máíkì. (Fìlà kápítéènì kò ní kí èèyàn mọ ọkọ̀ wà o. Dẹ́rẹ́bà ló mọ̀ ọ́n wà. Ọ̀gá ló ni fìlà.) Wọ́n á ka ìtàn ìgbésí ayé àlejò láti yunifásítì tó ti kàwé dé ilé iṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Omi inú ike á ti wà níwájú olúkúlùkù, ẹran díndín àti mósà á ti máa káàkiri, jẹnẹrétọ̀ á sì máa bú lẹ́yìnkùlé kí iná má baà kú mọ́ àlejò lórí níbi tó ti ń ṣàlàyé pé ayé ti ń gbóná jù. Àkọlé ọ̀rọ̀, tí wọ́n tẹ̀ gàdàgbà sára bánà ẹ̀yìn rẹ̀, kì í kúrò lórí ọkọ̀ ojú omi, àyíká òkun, àti ojúṣe gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ "gbogbo wa" yẹn, torí òun ni wọ́n máa ń kọ gbèsè sí lọ́rùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ san án.

Àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ògiri. Àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ìjàpá òkun tí wọ́n fi ẹ̀mú fa síróò yọ nínú imú rẹ̀ ní Costa Rica lọ́dún 2015, gbogbo ilé á ṣe "háà!", àwọn kan á sì rọra ti síróò inú ife wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni agbami Pàsífíìkì, níbi tí ìdọ̀tí oníke ti ń yí po láàárín Hawaii àti California. Lẹ́yìn náà ni yìnyín tó ń yọ́ ní ìkángun ayé níhà àríwá, pẹ̀lú béárì funfun kan tó dá dúró. Bí a bá wá padà délé, ọ̀nà Mákòókó là ń gbà: ilé orí òpó, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó léfòó, ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mi orí jù. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá gba máíkì á béèrè ohun tí ìjọba ń ṣe, ẹni kejì á ní ìlanilọ́yẹ̀ ni àwọn mẹ̀kúnnù nílò, ẹni kẹta kò ní béèrè nǹkan kan, á kàn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa yí ojú sí jẹ́tì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tìtorí wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ so mọ́, kò sì jìn sí tábìlì gíga. Ohun tí mo ní í sọ kò ju ìyẹn lọ: ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ tó bá fẹ́ gbọ́ àsọyé lórí òkun, abẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ ni kí àsọyé náà ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà, ibẹ̀ náà sì ni ọwọ́ rẹ̀ tó.

Kí ló wà lábẹ́ ọkọ̀? Bí ọkọ̀ bá jókòó sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé omi á bò ó, àwọn ẹ̀dá oníkarahun wínníwínní á sì lẹ̀ mọ́ ọn gbagidi. Ọkọ̀ á wúwo, kò ní lè sáré mọ́, epo tó ń jó á pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kun abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà tó ní májèlé nínú. Mi ò fi májèlé bú u o. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á nìyẹn. Ọ̀pọ̀ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pò kó lè máa tú díẹ̀díẹ̀ sínú omi, kí ohun tó bá fẹ́ fi abẹ́ ọkọ̀ ṣe ilé kú kó tó rídìí jókòó. Ọ̀dà tí kò bá tú ni oníbàárà máa ń bínú sí. Bí ó bá wá tó àkókò àtikùn tuntun, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ gòkè, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin á mú irin pẹlẹbẹ àti sáńpépà, wọ́n á máa ha abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ìyẹ̀fun pupa tàbí aláwọ̀ aró tó ń dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn: ó ń wọ irun, ó ń wọ imú, ó ń dúró sínú èékánná. Àkísà ni wọ́n fi bo imú, ìyẹn bí àkísà bá wà. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ẹnìkan á fi rọ́bà omi fọ ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Níbi tí wọn kò bá ti gbẹ́ kòtò tí yóò gba omi náà dúró, ìsàlẹ̀ ni omi ń gbà lọ, ọ̀sà ló sì wà nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ afẹ́ kéré jù láti ba omi jẹ́, kó lọ bi àwọn ará Arcachon létíkun ilẹ̀ Faransé. Oyster ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, ẹran inú ìkarahun tí àwọn olówó ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí lórí tí wọ́n sì ń jẹ ní tútù. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, ọmọ oyster kò yè mọ́, ìkarahun àwọn tó yè sì ń nípọn sí i lódìlódì títí ẹran inú rẹ̀ fi kéré ju ohun tí èèyàn lè gbé dé ọjà. Wọ́n wá ìdí ọ̀ràn títí, inú ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n bá a: kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ tributyltin, TBT lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó kún inú omi náà, ọkọ̀ afẹ́ àwọn tó wá jayé, ló gbé e wá. Lọ́dún 1982, Faransé fòfin de ọ̀dà náà lára ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà 25. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Plymouth àti láwọn èbúté mìíràn, abo ìgbín òkun bẹ̀rẹ̀ sí í hu nǹkan ọkùnrin. Gíráàmù TBT kan péré nínú bílíọ̀nù lítà omi ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn yẹn. Níbi tó bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ojú ihò tí ẹyin ń gbà jáde á dí, ìgbín náà á sì bẹ́ mọ́ ẹyin rẹ̀ kú. Ìjọba ibẹ̀ náà fòfin de e lára ọkọ̀ kéékèèké lọ́dún 1987. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń la òkun já ṣì ń kùn ún lọ ní tiwọn. Ọdún 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn lórí rẹ̀, ọdún 2008 ni àdéhùn náà tó di òfin. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú. Bí ọ̀ràn bá jẹ́ ti ọkọ̀ ńlá nìkan, wọn kì bá tí ti ọ̀dọ̀ àwọn onífìlà kápítéènì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n á ní ìyẹn ti dìtàn, pé kò sí TBT nínú ọ̀dà mọ́. Ẹ ṣeun. Bàbà ló rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, bàbà kan náà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa ti ń fọ́n sára igi láti pa àrùn tó ń mú kóró kòkó dúdú, àgbẹ̀ tó gbọ́n kò sì ní da ìyókù rẹ̀ sínú odò tó ń pọn mu. Ní San Diego, ní California, èbúté kan wà tí wọ́n ń pè ní Shelter Island, tí ọkọ̀ afẹ́ kún bámúbámú. Lọ́dún 2005, àwọn aláṣẹ omi ibẹ̀ ṣírò ibi tí bàbà inú omi náà ti ń wá. Ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ ló ti wá. Èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé ìdá 93 ń jáde lára ọkọ̀ tó kàn so jẹ́ẹ́ lórí ìdúró, tí ìdá 5 sì ń jáde nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ bá ń nu abẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kò fọwọ́ kàn láti ọdún Kérésì, tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà ní Dubai, ń ṣiṣẹ́ lórí omi tọ̀sán-tòru láìgba owó oṣù. Mo mọ̀ pé omi Èkó kì í dúró bíi ti èbúté yẹn. Omi tó gba àárín Ìkòyí àti Victoria Island kọjá ń kún, ó ń fà, ó ń fọ ara rẹ̀ lọ sí òkun. Àmọ́ omi tó ń fà ló tún ń kún padà, ìyókù inú ọ̀sà sì fẹ̀, kò jìn, kò sì rí ọ̀nà púpọ̀ gbà dé òkun. Ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í bá omi lọ.

Ọlọ́gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ á dìde wàyí pé mò ń fi ètè sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá. Á ní kí n lọ sí Ìddó, níbi tí àwọn ọkọ̀ agbégbọ̀nsẹ̀ ti ń da ẹrù wọn sínú ọ̀sà láti ọdún gbọọrọ. Á ní kí n yà sí Òkò Bàbà ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, níbi tí ìyẹ̀fun pákó ti jó tó sì ti rọ̀ sómi fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí n sì wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó tò sí èbúté Àpápá àti Tin Can. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ afẹ́ tó wà l'Ékòó kò lè tó ohun tí Ìddó ti gbé mì. Ṣùgbọ́n ta ló lè ní kí wọ́n dáwọ́ Ìddó dúró? Bóyá ẹni tó ń gbé orí òpó ní Mákòókó ni, àbí ẹni tí kọmíṣọ́nnà ń gbé fóònù rẹ̀ kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì? Ọkọ̀ ńlá tí ọlọ́gbọ́n wa ń nawọ́ sí ní òfin lọ́rùn, ó kéré tán nínú ìwé. Àdéhùn MARPOL tí wọ́n ṣe lọ́dún 1973, tí wọ́n tún tò lọ́dún 1978, sọ pé ọkọ̀ ńlá tó bá fẹ́ da ìgbẹ́ tútù nù gbọ́dọ̀ jìn sí ilẹ̀ ju máìlì òkun 12 lọ. Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tí wọ́n sì ti fi oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀, kó ju máìlì 3 lọ. Abala ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn kò mú ju ọkọ̀ tó tó tọ́ọ̀nù 400, tàbí tó láṣẹ láti gbé ju èèyàn 15 lọ, tó sì ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Ọkọ̀ afẹ́ tí ń gbé ọ̀rẹ́ mẹ́jọ lọ sí etíkun Tarkwa Bay tàbí Ìlàṣẹ lọ́jọ́ Sátidé kò sí níbẹ̀ rárá. Máìlì 12 kọ́, kò tilẹ̀ rí máìlì 3. Ìdí igi àgbọn tí wọ́n ti ń yan ẹja ni ọ̀pọ̀ ń dúró sí, tí ẹnìkan á sì wọlé lọ tẹ bọ́tìnnì. Níbi tí òfin àgbáyé kò bá dé, ojútì ọlọ́kọ̀ nìkan ló kù tó lè ṣe ọlọ́pàá. Ní ti òfin ilé, ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀ bá ara wọn fa àṣẹ orí omi yìí títí dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, tó dá a fún ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹni tí yóò máa gba owó àṣẹ ni wọ́n fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. A ò gbọ́ pé wọ́n fa ẹni tí yóò máa gba ìgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ náà tún wà ńlẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ọkọ̀ ni omi òjò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti epo tó ń jò máa ń rọ̀ sí, pọ́ǹpù kan á sì máa tú u síta fúnra rẹ̀. Epo náà á tẹ́ sójú omi, á máa dán ní àwọ̀ òṣùmàrè, gbogbo ayé á rí i. Ni ọlọ́gbọ́n kan bá gbé ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́, ó rọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí pọ́ǹpù tó ṣiṣẹ́. Epo á fọ́ wẹ́wẹ́, á rì, ojú omi á mọ́, ẹ̀rí ọkàn náà á sì mọ́. Ìdánwò yìí kan náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ìwọ̀n ńlá ní oṣù kẹta ọdún 1967, nígbà tí ọkọ̀ Torrey Canyon gun orí àpáta lẹ́bàá Cornwall pẹ̀lú epo rọ̀bì tó tó tọ́ọ̀nù 119,000. Wọ́n da nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10,000 ọṣẹ kẹ́míkà sórí rẹ̀. Ọṣẹ yẹn pa ẹ̀dá orí àpáta ju epo lọ. Níbi tí wọn kò dà á sí, nǹkan padà bọ̀ sípò láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Níbi tí wọ́n dà á sí jù, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ìgò ọṣẹ kan kì í ṣe tọ́ọ̀nù 10,000, mo mọ ìṣirò. Ohun tí mo ń wò ni pé nínú ọ̀ràn méjèèjì, ojú tó ń wò ni wọ́n wẹ̀, wọn kò wẹ omi.

Àwọn onínúure á ní, ṣé kò sàn kí wọ́n gbọ́ àsọyé ju kí wọ́n má gbọ́ lọ? Kí ni àsọyé pa lára? Mo rò ó títí. Àsọyé tí kò kan ẹnikẹ́ni kò pa ẹnikẹ́ni lára lóòótọ́. Èyí tó ń kan ẹlòmíràn ni mo ń bẹ̀rù. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba Èkó kọ̀wé fún àwọn ará Mákòókó pé kí wọ́n kó kúrò láàárín wákàtí 72, wọ́n sì ka ìbàyíkájẹ́ mọ́ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ lé wọn. Wọ́n wó ilé orí òpó, olórí àdúgbò kan sì kú ikú ìbọn ọlọ́pàá. Láàárín ọdún 2016 sí 2017, wọ́n lé àwọn ará Otodo-Gbame náà lẹ́bàá Lẹ́kkí. Kò sí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ tó rán wọn níṣẹ́ yẹn, mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwòrán Mákòókó tí wọ́n ń fi hàn lára ògiri lálẹ́ àlejò, ọdọọdún, láìfi àwòrán jẹ́tì kan ṣoṣo tẹ̀ lé e, ló ń kọ́ ilé ńlá pé òtòṣì ni ìdọ̀tí omi. Nígbà tí ìwé wákàtí 72 bá tún jáde, orí tó ti ń mì láti ọdún mẹ́wàá kò ní ṣòro mì sí i. Bẹ́ẹ̀ Ègùn àti Ìlàjẹ tó wà lórí omi yẹn, ẹja tí wọ́n pa tí wọ́n sì yan ló wà nínú àwo lórí tábìlì.

Ti gbígbá etíkun tí ẹgbẹ́ ń ṣe lọ́dún-lọ́dún, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó dára. Kí wọ́n máa ṣe é, kí wọ́n sì máa wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà ya fọ́tò. Ìjọba Èkó pàápàá ti fòfin de àwo fóòmù láti oṣù kìíní 2024. Ṣùgbọ́n ohun tó léfòó nìkan ni èèyàn lè ṣà, bàbà kì í sì í léfòó.

Wọ́n á tún ní ìlara ló ń dà mí láàmú, pé n kò ní ọkọ̀. Òótọ́ ni pé n kò ní, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọ̀kan ta mí lọ́rẹ, ẹ mọ ilé iṣẹ́ wa. Kí n tó gbà á, ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún wọn níbì kan. Ẹ́ńjìnnì two-stroke àtijọ́, èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, lè tú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin epo tó mu sínú omi láìjó o rárá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lé e kúrò lórí adágún Tahoe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999. Lórí ọ̀sà wa, ọkọ̀ elérò tó ń gbé òṣìṣẹ́ láti Ìkòròdú wá sí Èkó ló ń lò ó jù, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ afẹ́ ti ra four-stroke tó sàn jù. Mo gbóríyìn fún wọn. Àmọ́ olówó ẹ́ńjìnnì tuntun náà ni olówó ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó lè ra four-stroke nítorí pé kì í pariwo jù, ó lè ra tapólì tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń ha. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ elérò lè bi mí pé èló ni mo fẹ́ kó fi kún owó ọkọ̀ láti rí ẹ́ńjìnnì tó dára rà, mi ò sì ní rí ìdáhùn fún un. Ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ afẹ́ kò lè bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ná ju iye tapólì lọ lórí ẹran díndín.

Nítorí náà, fún alẹ́ àlejò tó ń bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ha abẹ́ ọkọ̀ ni kí wọ́n gbé síwájú. Kí wọ́n kà á mọ́ olùbánisọ̀rọ̀, kí wọ́n sì san owó olùbánisọ̀rọ̀ fún un, kì í ṣe owó ọkọ̀. Kó gbé agolo ọ̀dà tó kùn kẹ́yìn dání, kí akọ̀wé ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ sókè. Kó sọ ọkọ̀ tó hà lóṣù tó kọjá, iye àpò ìyẹ̀fun tó jáde lára rẹ̀, àti ibi tí wọ́n gbé àpò náà lọ, bí wọ́n bá fi àpò kó o rárá. Lẹ́yìn tirẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ọkọ̀ dìde, kó sọ ibi tó ti tú tọ́ǹkì rẹ̀ kẹ́yìn àti ọjọ́ tó tú u. Ẹni tí kò bá rántí, kó pe dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà náà bá rẹ́rìn-ín tí kò sì sọ̀rọ̀, kí akọ̀wé kọ ìyẹn náà sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.